Dírámà tí àwọn ìyá inú ẹ̀ kì í ṣe aṣépè lásán

Kí n tó dárúkọ dírámà kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń wò lára ẹ̀ kí n tó fi dátà mi sí i. Ìyá ni o. Ìyá ọkọ, ìyá ìyàwó, ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà, èyíkéyìí tó bá wà nínú eré yẹn. Tí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ò bá ju kó máa pariwo mọ́ ìyàwó ọmọ ẹ̀, kó máa ṣépè, kó máa sá lọ sílé babaláwo lóru, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa ohun tójú ẹ̀ ti rí kó tó dà bẹ́ẹ̀, mo ti pa á nìyẹn. Ó ti sú mi. Àdìrẹ là ń tà ní Ìtòkú níbí, ní Abẹ́òkúta, àwọn ìyá tó yí mi ká lọ́jà yẹn ti ń rẹ aṣọ sínú aró kí wọ́n tó bí mi, wọ́n ti sin ọkọ, wọ́n ti rán ọmọ lọ yunifásítì, wọ́n ti jẹ gbèsè wọ́n sì ti san án tán, ẹ ò tíì lanu tí wọ́n á ti mọ̀ pé irọ́ lẹ fẹ́ pa. Ṣé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ máa wá gbé sínú eré kẹ́ ẹ fi ṣe aṣépè nìkan?

Ìyá mi ni mo sábà máa ń bá wò ó lálẹ́ tí NEPA bá ṣàánú wa. Wọn ò ka òyìnbó, nítorí náà èmi ni mo máa ń ka èyí tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn bó ṣe ń lọ, tó bá yára jù mo máa dá a dúró díẹ̀. Eré Kòríà ló rọrùn jù fún irú ẹ̀, torí wọn kì í kánjú, èèyàn méjì lè jókòó ti oúnjẹ kí wọ́n má sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, èmi náà á sì ráyè mí. Ìdí nìyẹn tí ti Kòríà fi pọ̀ nínú àwọn tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí When Life Gives You Tangerines. 2025 ló jáde lórí Netflix, apá 16 ni, mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń gbé e jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀ báyìí. Erékùṣù Jeju ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gwang-rye, iṣẹ́ haenyeo ló ń ṣe, àwọn obìnrin tó máa ń wọ inú òkun lọ láìgbé afẹ́fẹ́ kankan dání, wọ́n á kàn sé èémí ni, wọ́n á lọ wá ohun jíjẹ nísàlẹ̀ òkun, tí èyí tó wọ́n jù nínú ẹ̀ jẹ́ oríṣi ìgbín òkun kan. Iṣẹ́ gidi ni o, UNESCO tiẹ̀ kọ ọ́ sínú àwọn àṣà tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò ní 2016. Ọmọ Gwang-rye ni Ae-sun. Ojoojúmọ́ lọmọ yẹn máa ń jókòó sétí òkun tó ń retí kí ìyá ẹ̀ yọrí. Ó wá kọ ewì níléèwé nípa ìgbín òkun yìí, ó ń bínú sí i, pé òun ló ń gba ìyá òun lọ́wọ́ òun, pé tóun bá lówó, òun á ra ọjọ́ kan nínú ayé ìyá òun kí wọ́n lè sinmi. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Ọmọ ọdún 29 ni Gwang-rye nígbà tó kú. Kò pẹ́ nínú eré náà rárá, ṣùgbọ́n títí dé òpin lẹ máa ń rí i lára ọmọ ẹ̀ àti lára ọmọ ọmọ ẹ̀, ohun tó ti sọ, ohun tó kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ ẹ̀ ṣe. Mi ò mọ eré míì tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti kú ní ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo èèyàn tó ti wò ó ló ń pariwo Gwan-sik, ọkọ Ae-sun, Park Bo-gum ló ṣe é nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òótọ́ ni, ó dáa, ọkùnrin tí ò lẹ́nu púpọ̀ àmọ́ tí ọwọ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ibì kan wà nílé àwọn òbí ẹ̀, àwọn ọkùnrin ń jẹun lórí tábìlì tiwọn, ìyàwó ẹ̀ àtọmọ wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin níbi tí oúnjẹ ò ti tó nǹkan, Gwan-sik kàn yí padà níbi tó jókòó sí, ó kẹ̀yìn sáwọn àgbà, ó kọjú síyàwó ẹ̀, ó ń bá wọn jẹun. Kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá mọ bí ilé ọkọ ṣe máa ń rí á mọ ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà obìnrin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ìyá ọkọ Ae-sun le, ẹ̀ẹ̀, ó le, ìyá àgbà tó bí ọkọ ìyẹn náà tún wà nílé, ẹ sì máa rò pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà míì tún wà, ìyá tó bí bàbá Ae-sun, òun ló wá lọ tú owó tó ti ń tọ́jú sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ra ọkọ̀ ojú omi. Ẹ tún wo tọkọtaya arúgbó tó ni ilé tí wọ́n ń gbé, nígbà tí àwọn ọmọdé méjèèjì yìí ò ní nǹkan kan nílé, àwọn arúgbó wọ̀nyẹn á wá lóru wá da ìrẹsì díẹ̀ sínú ìkòkò ìrẹsì wọn, kí wọ́n má bàa mọ̀. Ìyá mi ní irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìyá tó bí wọn lọ́mọ ní Kémta, pé gàrí ni tiwọn.

Apá tó kù jẹ́ ti Geum-myeong, ọmọ Ae-sun, òṣèré IU ló ṣe é, ẹni kan náà tó ṣe ìyá nígbà èwe ló tún ṣe ọmọ, Moon So-ri ló wá ṣe ìyá nígbà tó dàgbà. Wọ́n ta ilé kí Geum-myeong lè lọ kàwé ní Japan. Ilé o! Ọmọ yẹn á sì máa dá ìyá ẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ìbínú lórí fóònù, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn wọn, ìtìjú pé wọ́n ń jìyà nítorí ẹ̀ ló ń dà bí ìbínú lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ kì í fẹ́ gbé ìpè ìyá yín, ẹ wo apá yẹn. Ìjì kan wà nínú eré náà tí mi ò ní sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ kàn mú aṣọ ìnujú dání.

Ẹni tó darí ẹ̀, Kim Won-seok, òun náà ló darí My Mister ní 2018, apá 16 náà ni. Ìyẹn ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì lọ́ra, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ohun tó yára ẹ ò ní lè fara dà á. IU wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú Lee Sun-kyun, tó kú ní 2023. Ọmọbìnrin kan tí gbèsè ti bò mọ́lẹ̀, tó ń tọ́jú ìyá àgbà ẹ̀ tí kò gbọ́rọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ó gbé ìyá àgbà sínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ọjà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, ó tì í jáde lọ wo òṣùpá. Nítorí ibẹ̀ yẹn nìkan mo lè tún un wò.

Ó yá, Jewel in the Palace. Ọ̀pọ̀ yín ti wò ó lórí NTA láyé ijọ́un kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé Kòríà lẹ ń wò. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MBC ti Kòríà ló ṣe é ní 2003, apá 54, Lee Young-ae ni Jang-geum. Ẹni tó bá ti wò ó lọ́mọdé, oúnjẹ àti aṣọ aláràbarà lẹ máa rántí, ẹ lọ tún un wò báyìí tẹ́ ẹ ti dàgbà, ẹ máa rí i pé ìtàn àwọn obìnrin tó ń kọ́ obìnrin níṣẹ́ ni. Jang-geum di ọmọ òrukàn, ó wọ ilé ìdáná ọba, ọ̀gá ẹ̀ níbẹ̀ ni Court Lady Han. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Lady Han bẹ̀ ẹ́: lọ bu omi wá. Ó bu ú wá. Wọ́n ní kó tún lọ bu òmíì wá. Ó gbé tútù wá, ó gbé gbígbóná wá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá a padà. Lọ́jọ́ kan ọmọ yẹn wá bi wọ́n pé: ṣé inú ń run yín? Ṣé ẹ ti yàgbẹ́ lónìí? Ọ̀nà ọ̀fun ńkọ́? Lẹ́yìn tó gbọ́ èsì ló tó lọ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n mu ún díẹ̀díẹ̀. Ohun tí Lady Han ń dúró dè nìyẹn, pé omi pàápàá, tó o bá ti bù ú fún èèyàn mu, oúnjẹ ni, o gbọ́dọ̀ mọ ara ẹni tó o fẹ́ gbé e fún. Ìyá Jang-geum ló ti ń bi í bẹ́ẹ̀ nílé kí ìyá yẹn tó kú. Lady Han àti ìyá yẹn, ọ̀rẹ́ àtàtà ni wọ́n láàfin tẹ́lẹ̀, Lady Han ò sì tíì mọ̀ nígbà náà pé ọmọ ọ̀rẹ́ òun ni Jang-geum. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe hun ún.

Èyí tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni Lady Choi, ọ̀tá wọn. Kì í ṣe pé ó kàn burú. Ìdílé ẹ̀ ló ti ń di ipò ọ̀gá ilé ìdáná mú láti ìran dé ìran, ipò yẹn ni wọ́n fi ń ráyè wọ òwò àti ìṣèlú, àwọn ẹ̀gbọ́n ti sọ fún un pé tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo ilé ló máa wó. Ó ń dá ẹ̀bi ara ẹ̀, ó sì ń ṣe é lọ. Òun náà ló tún ń tì ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé bí ìdajì lẹ máa sunkún nígbà tí wọ́n ń lé Lady Han àti Jang-geum lọ sí Jeju, orí ẹ̀yìn Jang-geum ni obìnrin yẹn kú sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé eré parí nìyẹn, rárá o, ibẹ̀ ló ti wá lọ kọ́ ìṣègùn tó sì padà sáàfin tó di dókítà ọba. Orúkọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Jang-geum wà lóòótọ́ nínú ìwé ìtàn àwọn ọba Joseon, ìyẹn Kòríà àtijọ́, pé ó tọ́jú ọba Jungjong. Díẹ̀ ni wọ́n kọ nípa ẹ̀, wọ́n sì fi díẹ̀ yẹn ṣe apá 54.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ààfin sí i, ẹ wo Queen Seondeok, 2009, apá 62. Nítorí Mishil ni mo ṣe ń sọ ọ́, Go Hyun-jung ló ṣe é. Obìnrin tó fẹ́ jọba, tó gbọ́n ju gbogbo ọkùnrin tó yí i ká lọ, tó sì gbé ọmọ tó bí jù sílẹ̀ nítorí agbára. Kí n má parọ́ fún yín, lẹ́yìn tí Mishil kú ní apá 50, eré yẹn tutù. Ẹ wò ó dé ibẹ̀.

Reply 1988 ni kẹ́ ẹ wò tẹ́ ẹ bá ń gbé ní agbo ilé rí. Apá 20, tẹlifíṣọ̀n tvN gbé e jáde ní 2015 wọ 2016, apá kọ̀ọ̀kan gùn ju wákàtí kan lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lálẹ́ tẹ́ ẹ bá níṣẹ́ láàárọ̀. Ìdílé márùn-ún ní òpópónà kékeré kan ní Seoul. Ní apá àkọ́kọ́, ìyá kan se oúnjẹ, ó ní kí ọmọ gbé abọ́ kan lọ fún ilé kejì, ilé kejì náà gbé tiwọn ránṣẹ́, gbogbo ọmọ ń sáré pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń pàdé ara wọn lójú ọ̀nà, nígbà tí wọ́n á fi jókòó jẹun, oúnjẹ gbogbo ilé ti wà lórí tábìlì gbogbo ilé. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní bí Ìbàrà ṣe rí nìyẹn nígbà táwọn wà lọ́mọge.

Deok-sun ni ọmọ àárín nílé tiwọn, kò mọ̀wé, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mọ̀wé, àbúrò ẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, ẹ ti mọ ibi tí òun wà. Wọ́n mú un láti gbé pátákó orúkọ orílẹ̀-èdè níbi Olympic tí wọ́n ṣe ní Seoul ní 1988, Madagascar ni wọ́n fún un, ó ti fi oṣù gbáko kọ́ ọ, Madagascar wá lóun ò wá mọ́, ìyẹn sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ lọ́dún yẹn. Uganda ló padà gbé. Ìyá ẹ̀ àti bàbá ẹ̀ ń gbé ní abẹ́ ilé nítorí bàbá ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ tó yáwó tó sì sá lọ. Àwọn ìyá mẹ́ta tó wà ní òpópónà yẹn, wọ́n máa ń jókòó síta papọ̀ lórí pepele wọn máa ṣa ẹ̀fọ́, ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni ọkàn eré náà lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ló máa fẹ́ Deok-sun, tí gbogbo èèyàn ń jà lé lórí.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má fo apá kejì. Ìyá bàbá Deok-sun kú, àwọn ọmọ dé sílé òkú wọ́n retí ẹkún, wọ́n bá bàbá àti àwọn àbúrò ẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ta ayò, tí wọ́n ń gbàlejò, wọ́n ń mu ọtí. Inú bí Deok-sun. Ìgbà tí àlejò lọ tán, tí ẹ̀gbọ́n àgbà ti Amẹ́ríkà dé lóru, gbogbo àwọn bàbá àgbàlagbà wọ̀nyẹn bú sẹ́kún bí ọmọdé. Àwa tí a máa ń ṣe òkú àgbà ní Ẹ̀gbá níbí, tí a ń pe olórin, tí a ń ná aṣọ ẹbí, a mọ̀ pé ẹkún ṣì wà ní yàrá lẹ́yìn tí wọ́n bá kó àga lọ tán.

Tiwa ńkọ́? Mo ní i. Aníkúlápó kọ́kọ́ jẹ́ fíìmù ní 2022, Kunle Afolayan wá gbé e di síríìsì ní 2024, apá mẹ́fà, Rise of the Spectre ni wọ́n pè é. Ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù kí síríìsì tó yé yín. Saro tó ń hun aṣọ wá sí Ọ̀yọ́ láti Gbọ̀ngán, gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ Àkàlà àti agbára jíjí òkú, èmi Awarun ni mò ń wò. Sola Sobowale ló ṣe é. Obìnrin tó ń fi ìkòkò ṣòwò, tó lówó, tó ní òṣìṣẹ́, tó fẹ́ràn ọkùnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí tí kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin yẹn jẹ oúnjẹ ẹ̀ ó yó, ó wá fi í sílẹ̀ nítorí olorì. Mo fẹ́ kí wọ́n fún un láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n jẹ́ ká mọ bó ṣe kó ọrọ̀ yẹn jọ.

Sola Sobowale kan náà ni Eniola Salami nínú King of Boys, èyí tí Kemi Adetiba ṣe, fíìmù ní 2018, síríìsì apá méje ní 2021. Ẹ rántí pé òun náà ni Toyin Tomato nínú Super Story ní ohun tó ju ọdún 20 lọ sẹ́yìn, gbogbo wa kórìíra ẹ̀ dáadáa nígbà yẹn. Nínú síríìsì yẹn, obìnrin tí àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì ti kú ló padà wá sí Èkó tó fẹ́ ṣe gómìnà. Ó burú, ó ń pààyàn, àmọ́ wọ́n fi ìgbà ọ̀dọ́ ẹ̀ hàn wá, Toni Tones ló ṣe ìyẹn, ẹ á rí ọmọbìnrin tí ayé ti fojú ẹ̀ rí màbo. Ìyẹn ni mo ń sọ láti òkè wá.

Seven Doors ti Femi Adebayo wà lórí Netflix láti Disẹ́ńbà 2024. Ọba tó fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀ kan ṣoṣo ni, àṣà àti ègún àtijọ́ wá ní àfi kó fẹ́ ìyàwó lé e. Chioma Chukwuka Akpotha ni ìyàwó ilé, tó gbé ojú yẹn bí ẹni pé òun gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ sí, òun àti Femi Adebayo ló gba àmì ẹ̀yẹ AMVCA ní 2025 fún eré yìí, ó tọ́ sí wọn. Yorùbá inú ẹ̀ dùn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gígùn, Wura wà, Scarlet Gomez ni ìyá olówó tó ni ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní Ìperíndó, South Africa ni ìtàn yẹn ti kọ́kọ́ wá. Ó dáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó gùn jù fún mi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa ní Abẹ́òkúta níbí, Ìta Ìyálóde là ń gbà kọjá. Ẹ̀fúnróyè Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, tó dé Ẹ̀gbá tó sì tún òwò bẹ̀rẹ̀, tó wá ohun ìjà fún ìlú nígbà tí Dahomey fẹ́ wọlé ní 1864, tí wọ́n fi jẹ Ìyálóde. Ó ta ẹrú náà, wọn ò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Ta ló ti ṣe apá 16 lórí ẹ̀? Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní fíìmù, Bolanle Austen-Peters gbé e dé sinimá ní 2024, mo lọ wò ó, ó dáa, ṣùgbọ́n wákàtí méjì ò lè gba obìnrin yẹn. Síríìsì ni mo fẹ́. Mo fẹ́ apá kan odindi fún àwọn ìyá ọjà tí owó orí ń pa, kí wọ́n tó dìde rárá, obìnrin kan ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀ tó ń ka owó tó ń ṣírò pé tóun bá san án kí lọmọ máa jẹ. Mo fẹ́ apá kan tí wọ́n kàn ń kọ́ ìwé kíkà lálẹ́ pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀, ìyàwó tíṣà yẹn, aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n tó dé iwájú ààfin, kí wọ́n tó kọrin lé Aláké kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, ká ti mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ká mọ ọkọ tó ní kí ìyàwó ẹ̀ má lọ, ká mọ èyí tó lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbá ni kí wọ́n sọ lẹ́nu o, kí wọ́n má fi Yorùbá Ìbàdàn bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó wá sí Ìtòkú, àwọn ọmọ ọmọ àwọn obìnrin yẹn ṣì ń ta aṣọ níbẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú.